Fírídọ́ọ̀mù Morọ́láyọ̀

Lọ́dún 2016, nígbà tí owó epo já wálẹ̀ tí wọ́n ń lé òṣìṣẹ́ kiri ní Calgary, ní Canada níbí, èmi náà pàdánù iṣẹ́ wẹ́dà mi. Mo rí òmíràn ní Cochrane, ìlú kékeré kan nítòsí. Owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ara tù mí.

Ìgbà náà ni ọmọ mi, Morọ́láyọ̀, tó ń ṣèwádìí lórí sickle cell ní yunifásítì, fi lẹ́tà kan hàn mí. Wọ́n fẹ́ fún un ní àmì-ẹ̀yẹ. Early Career Researcher ni wọ́n kọ sí i lórí. Mo sọ fún Julius, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé àdúgbò Pineridge.

“Early?” Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n! Baba Morọ́láyọ̀, ẹ̀bùn jẹ́léósinmi ni wọ́n fẹ́ fún un. Lọ ra lunch bag fún un o.”

Láti ọjọ́ náà, n kò gbé fóònù Julius mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tó ti lo ọdún mọ́kànlá ní yunifásítì, kí wọ́n máa pè é ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níwájú èrò? Mo ní n kò ní í lọ síbi ayẹyẹ náà. Ìyá rẹ̀ ti ra bàtà. Mo ní kí òun nìkan wọ̀ ọ́ lọ.

Nígbà tó di Sátidé, Morọ́láyọ̀ wá bá mi ní basement.

“Daddy, Mummy ní ẹ ò wá. Why?”

“N kò lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwọ ni wọ́n ń pè ní ẹni tó ṣì ń kọ́ṣẹ́.”

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. “Daddy, no. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ ọ̀gá ni. I have my own lab now. Èmi náà ti ní ọmọọṣẹ́ méjì.”

“O ò sí lábẹ́ ọ̀gá rẹ, Dókítà Lindqvist, mọ́?”

“Ó ti pé ọdún méjì, sir. Òun ló ní kí wọ́n fún mi ní àmì-ẹ̀yẹ yìí.”

“Àṣé fírídọ́ọ̀mù ni.”

“Kí ni fírídọ́ọ̀mù?”

Ìlú yìí ló ti dàgbà; kò lè mọ̀ ọ́n. Mo ṣàlàyé fún un pé bí ọmọọṣẹ́ bá parí ọdún rẹ̀, ọ̀gá á pe èèyàn jọ, á gbàdúrà fún un, á sì fún un níwèé ẹ̀rí. Mo sọ tèmi náà fún un: pírámárì fọ́ọ̀ ni mo ti kúrò nílé ìwé lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Adésọjí n'Íbàdàn. Ó ku oṣù kan kí ọdún mẹ́fà mi pé, mo sọ níwájú oníbàárà pé géètì tí ọ̀gá jó wọ́. Ó sì wọ́ lóòótọ́. Ọ̀gá lé mi lọ láìṣe fírídọ́ọ̀mù. Nígbà tó kú, n kò débi ìsìnkú rẹ̀.

“Because of a party, Daddy?”

“Kì í ṣe party!”

“Ẹ má bínú, sir.” Ẹ̀rín ń pa á. “Ẹ ṣáà wá síbi tèmi.”

Mo ní kó bá mi wá táì.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ náà, Dókítà Lindqvist, obìnrin gíga kan tó ti hewú, dìde sọ̀rọ̀ nípa ọmọ mi. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n mo gbọ́ eléyìí yékéyéké: ó ní ọdún mẹ́rin ni Morọ́láyọ̀ fi bá òun jiyàn lórí iṣẹ́ kan, ọmọ náà ló sì jàre. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi ṣì ń wo ojú obìnrin náà. Kò bínú rárá.

Wọ́n fún Morọ́láyọ̀ ní gíláàsì tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó parí. Mo bi ìyá rẹ̀ bóyá àdúrà ṣì ń bọ̀. Ó ní oúnjẹ ló kàn.

Mo lọ bá ọmọ mi àti Dókítà Lindqvist nídìí tábìlì kọfí.

“Morọ́láyọ̀, kúnlẹ̀.”

“Daddy, níbí?”

“Níbí.”

Ó gbé gíláàsì fún Dókítà Lindqvist, ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yóò yọ aláìsàn nínú ìrora, àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ yóò bá a jiyàn, òun náà yóò sì gbọ́ tiwọn. Ọkùnrin kan tó ń kọjá rò pé nǹkan ló já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ mi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá wa wá a lábẹ́ tábìlì, mo sì ń bá àdúrà mi lọ.