Àpótí Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Maren

Tamia Broadnax ò gbèrò àtisọ ọ́. Lọ́jọ́ náà, kíláàsì ìjíròrò wọn lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀ pín sí méjì: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú, títí kan Tamia, jókòó sáàárín, àwọn aláwọ̀ funfun yí wọn ká. Àwọn tó wà láàárín ló ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù ò gbọdọ̀ mí fín. Òfin mìíràn tún wà: ohun tẹ́nì kan bá sọ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá a mẹ́nu bà á níta, àfi tí òun fúnra ẹ̀ bá kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Òfin àwọn ọ̀mọ̀wé nìyẹn o! Kí wọ́n gún èèyàn lábẹ́rẹ́, kí wọ́n ní kó má ké.

Maren Lindqvist wà lára àwọn tó yí wọn ká. Yàrá kan náà lòun àti Tamia ń gbé látìgbà tí wọ́n ti wọ yunifásítì ní Míṣígàn, l'Amẹ́ríkà. Wọ́n jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń fọṣọ, wọ́n sì ti ṣàdéhùn pé àwọn á tún jọ gba yàrá lọ́dún tó ń bọ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni ìforúkọsílẹ̀ máa parí.

Àfi bí Tamia ṣe gbọ́ ohùn ara ẹ̀: "Lọ́jọ́ tá a kó dé, màmá ẹni tá a jọ ń gbé bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní ọmọ dáadáa ni mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sáré lọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ra àpótí onírin àti àgádágodo fún ọmọ wọn. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí dòní. Wọ́n rò pé mi ò rí i."

Ojú Maren pọ́n bí ata. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, Dókítà Pruitt tó ń darí wọn gbọ́wọ́ sókè, ó bá pa ẹnu dé.

Tamia ti rò pé tóun bá sọ ọ́, ara á fúyẹ́, tàbí kóun sunkún. Kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ara ẹ̀ kàn kú tipiri.

Látọjọ́ náà ni Maren di ọmọlúàbí òjijì. Ó ń fọ ife Tamia, ó ń po tíì fún un, kò sọ nǹkan kan nípa àpótí. Ó ń pa òfin mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó sú Tamia.

"Maren, bú mi."

"Kí ni mo ṣe?"

"Mo sọ̀rọ̀ màmá ẹ lójú gbogbo èèyàn. Bú mi, jàre!"

Maren nàró bí ẹni tó fẹ́ ka àkọ́sórí. "Mo dúpẹ́ pé o fọkàn tán wa tó láti sọ ìrora ẹ."

"Yéè! Pruitt ló kọ́ ẹ nìyẹn. Ìwọ tó o pariwo lé mi lórí torí mílíìkì!"

Maren kúnlẹ̀, ó fa àpótí náà jáde, ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i. Ó ṣófo.

"Mi ò fi nǹkan kan síbẹ̀ rí," ló wí, omijé ń bọ́. "Mi ò fura sí ẹ rí, Tamia. Ọlọ́run ń gbọ́."

"Kí ló wá dé tó o ń tì í?"

"Màmá ni. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè ni wọ́n ń béèrè bóyá mo ti tì í. Mi ò kàn fẹ́ purọ́ fún wọn ni."

Tamia dúró de ìbínú, kò dé. Ká ní wúrà ló wà níbẹ̀, ì bá yé e. Olówó ló ń ṣọ́ owó ẹ̀. Àpótí òfìfo ni ọ̀rẹ́ ẹ̀ fi ń ti òun síta láti ọjọ́ yìí wá, kí inú màmá ẹ̀ lè dùn. Ó na tíṣù sí Maren, ó mú fóònù, ó tẹ nǹkan díẹ̀ sí i.

Maren fọn ikun. "Ọ̀la la máa lọ forúkọ sílẹ̀, àbí?"

"Mo ti ṣe tèmi lórí fóònù," ni Tamia fèsì. "Yàrá ẹlẹ́nìkan." Kò tiẹ̀ dùn ún.