Ohùn Tí Mùjídàt Mọ̀

Òòlù kọ́kọ́ bà lé ẹnu ẹ̀rọ náà, irin sì dún débi pé Mùjídàt fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọkùnrin kan ti kún inú yàrá ìṣẹ́ ọwọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn. Aṣọ dúdú ni gbogbo wọn fi bo ojú, àdá sì wà lọ́wọ́ àwọn kan nínú wọn. Ọ̀sán gangan ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níta ti ń sá kíjokíjo.

"Ta ló ní kí ẹ má kọ orúkọ ọ̀gá wa mọ́ tiyín?" Èdè Píjìn ni ẹni tó mú òòlù fi bi wọ́n.

Obiajulu, tí òun àti Mùjídàt jọ ń ṣiṣẹ́, kò sá. Ó dúró síwájú ẹ̀rọ náà. "Kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń ṣe é," ló dáhùn. "Kò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tan án."

Wọ́n la òòlù mọ́ ọn lápá. Mùjídàt gbọ́ bí egungun ṣe ṣẹ́.

Ẹ̀rọ tí ń bó ẹ̀gúsí ni. Àwọn obìnrin tó ń fi èékánná bó ẹ̀gúsí ní ọjà Ose Okwodu, nílẹ̀ Ìgbò tí òun àti ìdílé rẹ̀ ń gbé, ni Mùjídàt rí tó fi ronú kàn án. Obiajulu ló mọ irin í jó pọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ìdíje àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Awka, tiwọn ló gba ipò kìíní, ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì sì gbé fọ́tò àwọn méjèèjì kọ́ sí ẹnu géètì. Láti ìgbà náà ni Símẹ́ńtì, olórí ẹgbẹ́ òkùnkùn kan, ti ń ránṣẹ́ sí wọn. Ó fẹ́ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́dún yìí, kò sì ní iṣẹ́ kankan tí yóò fi hàn. Kí wọ́n fi orúkọ òun kún un, ó tán. Wọ́n kọ̀.

Obiajulu ti wà nílẹ̀, wọ́n ń fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lójú. Mùjídàt ju ara rẹ̀ lé e lórí. Bàtà bà á lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, ó tún bà á. Nígbà tó yíjú sókè, ó rí i tí ẹnì kan na àdá sókè lórí òun.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kúrò níbẹ̀."

Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló sọ ọ́, Yorùbá ló sì fi sọ ọ́. Ẹni tó na àdá rọra sọ ọ́ kalẹ̀, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Nínú yàrá yẹn, kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ Yorùbá bí kò ṣe Mùjídàt. Ìgbò ló yọ̀ mọ́ Wàsíù, àbúrò rẹ̀, lẹ́nu jù. Bó bá pe "ẹ̀gbọ́n", imú ló máa ń gbà jáde. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Mùjídàt ṣe gbọ́ ọ báyìí.

Olóòlù rìn lọ bá ọmọ náà, ó gbá a létí débi pé ó ṣubú lu ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fọ́ ẹ̀rọ náà túútúú. Kí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó dé, wọ́n ti lọ.

Ní ọsibítù, ìyá Obiajulu di Mùjídàt lọ́wọ́ mú, ó sì bá a sọ Ìgbò. "Ọmọ mi, ṣé o dá ẹnì kankan mọ̀ nínú wọn?"

"Mama, wọ́n bo ojú wọn."

"O ṣeun," ni obìnrin náà wí. "Wọ́n ní o fi ara rẹ bo ọmọ mi. Ọlọ́run á bò ọ́."

Ọpẹ́ yẹn dun Mùjídàt ju ẹ̀yìn tí wọ́n tẹ̀ lọ.

Nígbà tó dé Awada, àdúgbò wọn, ó bá ṣọ́ọ̀bù tí ìyá wọn ti ń ṣe irun ní títì pa. Ó gba ẹ̀yìn wọlé. Wàsíù dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, ìyá wọn sì ń fi omi gbígbóná nu ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi pẹlẹbẹ àdá nà án nítorí ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ojú ọgbẹ́ sì ti là níbi méjì.

"Ó ti sọ fún mi," ni ìyá wọn wí láì gbójú sókè. "Lọ́la ni yóò wọ mọ́tò lọ sí Ìwó, lọ́dọ̀ bàbá yín àgbà. Ìwọ ò rí nǹkan kan."

"Mo rí i, Màámi."

"Ọmọ ìyá rẹ ni."

"Obiajulu náà ní ìyá. Dókítà ní ojú òsì rẹ̀ ò ní ríran mọ́."

Wàsíù sọ̀rọ̀ látorí bẹ́ńṣì. "Mi ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní kí n kàn máa ṣọ́nà."

"Ta ló sọ fún wọn pé èmi àti Obiajulu nìkan la máa wà níbẹ̀ lónìí?"

Ó fi ojú pamọ́ sábẹ́ apá.

"Wàsíù."

"Wọ́n ní ẹ̀rọ nìkan làwọn fẹ́ fọ́."

Mùjídàt fò mọ́ ọn. Ó gbá a lójú, ó gbá a lórí, ó ń gbá a nìṣó títí ìyá wọn fi tì í sẹ́yìn, tí Mùjídàt fi ẹ̀yìn lu àga tí wọ́n ti ń gbẹ irun. Gíláàsì kan jábọ́, ó fọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń mí gúlegúle.

"Wọ́n á pa mí tí mo bá dárúkọ wọn," ni Wàsíù wí. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú rẹ̀.

"Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní kí Màámi sọ bí ẹ̀yìn rẹ ṣe rí fún ọ."

Ọwọ́ ìyá wọn dúró nínú omi.

"Mò ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá," ni Mùjídàt wí. "Bó o bá tẹ̀ lé mi, màá sọ fún wọn pé ẹnu rẹ ló gbà mí lọ́wọ́ àdá. Bí o kò bá tẹ̀ lé mi, màá ṣì dárúkọ rẹ."

Ó jáde, ó dá kẹ̀kẹ́ Marúwá kan dúró, ó sì jókòó sínú rẹ̀. Kò wẹ̀yìn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Wàsíù tó jáde, ó tẹ̀ kòlòbà, ó sì rọra fa ara rẹ̀ wọlé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láì fi ẹ̀yìn ti nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ tí ìyá wọn ń ti ilẹ̀kùn. Ó wọlé sí àárín wọn, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù fún omi.

Awakọ̀ béèrè ibi tí wọ́n ń lọ.

"Àgọ́ ọlọ́pàá," ni ìyá wọn fi Ìgbò dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gba ọsibítù. Ìyá ọmọ kan wà níbẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ rí."