Ibi Tó Rì Lórí Tábìlì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí èèyàn fi ń fìdí rẹmi, ẹ má bi ẹni tó borí, ẹ bi káfíńtà yìí. Ọ̀gá Àlàyé ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì. Òun fúnra rẹ̀ ló kan tábìlì tí wọ́n fi ń gbá tẹ́nìsì orí tábìlì nígbà ìsinmi ọ̀sán, òun náà sì ni wọ́n ń nà jù lórí rẹ̀. Ẹni tó ń nà án ni Àǹtí Fáníìṣì, obìnrin tó ń fi fáníìṣì kun àga, tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí orúnkún sì ń dùn ún.

Nílé, àlàyé ti sú ìyàwó rẹ̀. Lónìí ẹnìkan húkọ́, lọ́la bàtà ló yọ̀. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń jẹun, ìyàwó ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, tẹ́ ẹ bá tún fìdí rẹmi lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ gbé rákẹ́ẹ̀tì yẹn wá kí n máa fi gbọn eruku tìmùtìmù. Etí mi fẹ́ sinmi."

Ó gbà, nítorí ó ní àṣírí kan. Ní igun kan lórí tábìlì náà, lápá ẹnu ọ̀nà, pákó méjì ò fẹnu kora dáadáa. Ibẹ̀ rì díẹ̀, bọ́ọ̀lù tó bá bà síbẹ̀ kì í fò tó bó ṣe yẹ. Ọdún méjì ló ti mọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ìfági ìbá fi tún un ṣe, ṣùgbọ́n ta ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ ba oògùn ara rẹ̀ jẹ́? Pé oògùn náà ò jẹ́ rí, ìyẹn ò wá sí i lọ́kàn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó débi mẹ́wàá sí mẹ́jọ, Káfíńtà ló ń ṣíwájú. Àmì kan péré ló kù, Àǹtí sì dúró lápá ibi tó rì. Ká ní ó kàn gbá bọ́ọ̀lù ni. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti sáré délé, ó ti ń ro bí òun ò ṣe ní rẹ́rìn-ín tí òun bá ń ròyìn fún ìyàwó. Ó fojú wá igun rẹ̀, ó gbá a síbẹ̀. Àǹtí ti dúró dè é. Mẹ́wàá sí mẹ́sàn-án. Ó tún gbá a síbẹ̀. Mẹ́wàá sí mẹ́wàá. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé kó fara balẹ̀, bó ṣe ń sọ ọ́ ló túbọ̀ ń di rákẹ́ẹ̀tì mú pinpin. Bọ́ọ̀lù méjì tó tẹ̀ lé e, inú nẹ́ẹ̀tì ló gbá wọn sí.

Àǹtí jókòó, ó ń ra orúnkún. "Àbúrò, ìgbà wo lo máa tún ibi tó rì yẹn ṣe?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Ṣebí èmi ni mo kùn ún. Fáníìṣì dúró síbẹ̀ bí omi. Ká tiẹ̀ ní mo ti gbàgbé, ìwọ lò ń rán mi létí. Kó o tó gbá a síbẹ̀, wàá kọ́kọ́ wò ó, bí káfíńtà ṣe ń wo iṣẹ́ tó bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́."

Ojú tì í gan-an. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló gé. Ó délé, ó gbé rákẹ́ẹ̀tì fún ìyàwó rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ó fi ìfági tún igun náà ṣe, ó sì sọ fún Àǹtí pé ìyàwó òun ti gba rákẹ́ẹ̀tì. Àǹtí ju bọ́ọ̀lù síbẹ̀, ó fò dáadáa. Àǹtí wá na rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àtijọ́ sí i. "Rákẹ́ẹ̀tì ni ìyàwó ẹ gbà, kò gba ọwọ́ ẹ." Ó sì nà án ní mọ́kànlá sí mẹ́rin.

Nígbà tí wọ́n ń jẹun, ìyàwó wò ó. "Òógùn wà lọ́rùn yín. Ẹ tún lọ gbá a?"

"Mo yá rákẹ́ẹ̀tì Àǹtí Fáníìṣì."

"Ta ló borí?"

"Àwọn ni."

Ìyàwó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó múra sílẹ̀ de àlàyé. "Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Wọ́n mọ̀ ọ́n gbá jù mí lọ."

Ìyàwó dìde, ó wọ yàrá, ó gbé rákẹ́ẹ̀tì jáde, ó sì fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ọkọ rẹ̀. Eruku tìmùtìmù ṣì wà lára rẹ̀.