Adájọ́ Fo Ikọ̀ Kan

“Kò tó.”

Agogo kékeré inú rédíò dún lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, àwọn ọmọbìnrin tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú yàrá ìmúra sì bú sẹ́rìn-ín. Kóòṣì keje tí Adájọ́, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ eré bọ́ọ̀lù orí rédíò, máa dá lẹ́jọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn nìyẹn. Bó ṣe ń ṣe é kì í yí padà: á ka èsì ikọ̀ kan láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, á dákẹ́ díẹ̀, á wá ní “Ó tó” tàbí “Kò tó.” Kì í gbọ́ àwáwí. Ó ní èsì kì í purọ́, ẹnu kóòṣì ló máa ń purọ́.

Ikọ̀ àwọn obìnrin ló kàn. Kóòṣì wọn, tó jẹ́ ìyàwó Adájọ́ fúnra rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò bọ́ọ̀lù léjìká. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún ni wọ́n ti gbá, márààrún ni wọ́n fìdí rẹmi, gbogbo ìlú ló sì mọ̀. Síbẹ̀ àyà rẹ̀ ò já. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá, ó sì mọ̀ pé àwọn ọmọ òun ti ń pe “bà” ná.

“Ẹ̀yin olùgbọ́ mi,” ni Adájọ́ wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sínú rédíò, “ikọ̀ tó kù yẹn, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Orin bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Kápútẹ́nì tún ń so okùn bàtà tó ti so tẹ́lẹ̀.

“Kóòṣì,” ló wí láì gbójú sókè, “ṣé a ò sí nínú líìgì mọ́ ni?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Kóòṣì lákínyẹmí ara. Ó ti múra de “Kò tó.” Ẹni tó ń pàdánù á kúkú gbọ́ ọ̀rọ̀. Ohun tí kò múra dè ni kí wọ́n ṣe bí ẹni pé àwọn ò wá sórí pápá rárá.

Kó tó délé, alága ẹgbẹ́ ti pè é. Ohùn rẹ̀ rọ̀.

“Kóòṣì, ẹ má bínú o. Ìparí oṣù yìí ni ìgbìmọ̀ máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ ikọ̀ yín. Àwọn kan ti ń sọ pé ká tú u ká. Ọkọ yín gan-an wá ń tijú láti kà yín. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ fún wọn?”

Adájọ́ ń bó ọsàn nínú pálọ̀ nígbà tó wọlé. Ojú rẹ̀ ń dán bí ti ẹni tó ń retí ìdúpẹ́.

“Ìyá Ìbejì, ṣó o gbọ́ bí mo ṣe bò ọ́ láṣìírí?”

“Mo gbọ́. Ta ló ní kẹ́ ẹ bò mí?”

Ọ̀bẹ dúró lára ọsàn. “Ṣé kí n wá jókòó sórí rédíò kí n máa kéde pé ìyàwó mi fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀marùn-ún? Àwọn àna mi máa gbọ́. Wọ́n á ní mo tú ọ síta.”

“Bàbá Ìbejì, nígbà tẹ́ ẹ ní kóòṣì àwọn ọlọ́pàá ò tó, ṣé òun ò ní àna ni?”

“Ìyẹn ọ̀tọ̀.”

“Ọ̀tọ̀ báwo? Ṣé torí pé òun, kóòṣì ni, èmi, ìyàwó yín ni?”

Adájọ́ tún ń bó ọsàn náà lọ. Ọkùnrin tó ń dájọ́ fún gbogbo ìlú, ẹjọ́ pálọ̀ ara rẹ̀ kọ̀, kò tètè yé e. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i.

“Ó dáa, màá kà á, màá wá fi àlàyé díẹ̀ sí i. Pé ọmọdé ni wọ́n, pé pápá yín ò dáa…”

“Àlàyé kẹ̀? Ẹ má dán an wò.” Kóòṣì jókòó tì í, ó gba awẹ́ ọsàn kan lọ́wọ́ rẹ̀. “Bẹ́ ẹ ṣe ń ka ti àwọn yòókù ni kẹ́ ẹ ka tèmi. Tó bá jẹ́ kò tó, ẹ ní kò tó. Ẹni tí wọn ò kà, ibo ló ti fẹ́ gòkè?”

“Wọ́n lè tìtorí ẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ o.”

“Wọ́n á kúkú gbà á lọ́wọ́ kóòṣì, kì í ṣe lọ́wọ́ ìyàwó yín.”

Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì tún pé, Kóòṣì fúnra rẹ̀ ló yí ohùn rédíò sókè. Àwọn ọmọbìnrin náà rọ̀gbà yí i ká.

“Ikọ̀ àwọn obìnrin,” ni Adájọ́ wí. Ó wúkọ́. “Méje sí òdo, wọ́n fìdí rẹmi. Márùn-ún sí òdo, wọ́n fìdí rẹmi. Mẹ́rin sí ọ̀kan, wọ́n fìdí rẹmi. Méjì sí ọ̀kan…” Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ káàkiri tó wá rí i lápò ara rẹ̀. Torí pé kò rò pé òun máa kà á láé, kò tíì to àwọn èsì náà tẹ̀ lé ara wọn rí. “Wọ́n fìdí rẹmi. Ọ̀kan sí òdo, wọ́n fìdí rẹmi. Ti Sátidé tó kọjá, òdo sí òdo. Ọ̀mì.”

Ó dákẹ́ pẹ́ ju bó ṣe máa ń dákẹ́ lọ.

“Kò tó.”

Agogo dún. Àwọn ọmọbìnrin náà fò sókè, wọ́n dì mọ́ ara wọn bí ẹni gba ife ẹ̀yẹ. “Wọ́n ti kà wá,” ni kápútẹ́nì ń wí ṣáá. Inú Kóòṣì dùn dé ibi pé kò mọ̀gbà tí fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

“Kóòṣì,” ni alága wí, “ọkọ yín ti dá yín lẹ́bi lójú gbogbo ayé.”

“Mo gbọ́, sà. Ẹjọ́ òdodo ni.”

Alága bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye góòlù tó ti wọlé wọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: “Méje, márùn-ún, mẹ́rin, méjì, ọ̀kan, òdo.” Ó mí kanlẹ̀. “Ta lẹ tún máa bá gbá kí oṣù tó parí?”

“Àwọn tó gbá méje wọlé wa, sà. Ọ̀la ni.”

“Mò ń bọ̀ wá wò ó.”

Kóòṣì ti fóònù bọ àpò, ó sì fọn fèrè kí wọ́n jáde sí pápá.