Gèlè Màmá Adérójú

Àbúrò mi, jókòó, kí n sọ àlá yìí kí n tó gbàgbé. Àwa obìnrin tí a jọ ń jà fún ẹ̀tọ́ wa ló kóra jọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Àwọn ọlọ́pàá ti ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wa méjì sínú kànga tó wà níbẹ̀. Màmá Adérójú, olórí wa tí wọ́n kú lọ́dún tó kọjá, bẹ̀rẹ̀ sí í tú gèlè orí wọn, wọ́n ní ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú kànga káwọn méjèèjì fi gùn jáde. Gèlè náà kò tán. Obìnrin dúdú kan láti Bùràsíìlì bá mi dì í mú, ó ń sọ èdè tirẹ̀, mo sì ń gbọ́ ọ yékéyéké. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń fà á ni orí Màmá ń kéré sí i, títí ó fi tó ọsàn.

"Màmá, ó tó!"

"Ṣé ọwọ́ wọn ti tó o?"

"Rárá, mà."

"Ẹ máa fà á nígbà náà."

Mo bú sẹ́kún. Obìnrin Bùràsíìlì náà ń sunkún pẹ̀lú, a sì tún fà á. Orí Màmá ò ju hóró àgbàdo lọ mọ́. Ẹnu wọn ṣì ń mì, n kò gbọ́ ohùn wọn mọ́. Ni mo bá ta jí.