Oríkì Tí Dọlápọ̀sí Kì

Ọ̀rọ̀ ibi tí wọn yóò dé sí ni Dọlápọ̀sí àti Kingsley ọkọ rẹ̀ ń fà láti àárọ̀ ọjọ́ Sátidé náà. Ìgbéyàwó wọn pé ọdún mẹ́wàá, wọ́n ti gbé Fọlá ọmọ wọn lọ fún ìyá àgbà ní Òṣogbo, erékùṣù Sansíbà ni wọ́n fẹ́ lọ sinmi sí. Ilé onípákó tí wọ́n kọ́ sórí òkun ni Kingsley ń fẹ́. Dọlápọ̀sí ní òtẹ́ẹ̀lì àárín ìgboro ni tòun, òun ò lè sùn sórí ohun tó ń mì.

"Ìyá Fọlá, wo fèrèsé yìí ná," ni Kingsley wí, ó na fóònù tí àwòrán ilé orí òkun náà wà sí i. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ìbọn fi dún.

Ọmọ Ìlobù ni Dọlápọ̀sí, ọmọ Ìfọ́n ni Kingsley. Ojú ọ̀nà tó so ìlú méjèèjì pọ̀ ni ilé wọn wà, lórí ilẹ̀ tí ìlú méjèèjì ń pè ní tiwọn. Kí wọ́n tó dìde, èéfín ti ń rú lápá Ìfọ́n, ó ń rú lápá Ìlobù. Ṣọ́ọ̀bù Rachael aládùúgbò wọn ń jó lódìkejì títì, Rachael fúnra rẹ̀ nà gbalaja sẹ́nu ọ̀nà, kò mira mọ́.

Ariwo àwọn ọkùnrin kan ń bọ̀ láti apá Ìlobù. Dọlápọ̀sí ti ọkọ rẹ̀ mọ́ yàrá, ó ní kó má tilẹ̀ húkọ́, ó jáde lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn. Ó ní ọmọ Ìlobù lòun, òun nìkan ló wà nílé. Wọ́n tó ogún, ẹ̀jẹ̀ ti wà lára àdá wọn. Hàmídù, ọ̀dọ́mọkùnrin Ìlobù kan tó yẹ kó dọ̀bálẹ̀ kí i, ló ṣíwájú.

"Tó o bá jẹ́ ọmọ Ìlobù lóòótọ́, ki oríkì agbo ilé yín ká gbọ́."

Dọlápọ̀sí mọ̀ ọ́n. Òun ni bàbá rẹ̀ fi ń jí i ní kékeré. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá ló ti fi ń kúnlẹ̀ láràárọ̀ ki oríkì ilé ọkọ, bí ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Bí orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀, ahọ́n rẹ̀ gba ibi tó mọ́ ọn lára. Ó ti kì í dé ìlà kẹta kó tó mọ̀ pé ti Ìfọ́n lòun ń kì.

Hàmídù rẹ́rìn-ín. "Ọkọ dà?"

Àáké ni wọ́n fi fọ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n wọ́ Kingsley jáde. Àdá àkọ́kọ́ bà á léjìká, èkejì gé ìka méjì lára ọwọ́ tó nà láti fi gbà á. Ọ̀kan nínú wọn mú fóònù nílẹ̀, ó wo àwòrán òkun, ó fi han àwọn yòókù.

"Ẹ wá wo ẹni tó ń wá ilé sórí omi. Bí ẹ bá ti tètè kó lọ síbẹ̀ ńkọ́?"

Wọ́n fi ṣẹ̀rín, wọ́n da pẹtiróòlù sí yàrá, wọ́n ṣáná sí i.

Dọlápọ̀sí ṣubú lé ọkọ rẹ̀. Kùmọ̀ bà á lẹ́yìn, ó bà á lórí, kò kúrò. Hàmídù ní kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò fọwọ́ kàn án níbẹ̀.

"Ibi tó bá wà ni mo wà," ló wí. "Ẹ ṣá wa pọ̀."

Àdá Hàmídù gòkè, ó dúró sókè. Ẹni tó bá pa ọmọ ìlú rẹ̀, agbo ilé ọmọ náà yóò béèrè ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mọ̀. Ó tàpá sẹ́nu Kingsley, ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ kọjá.

Dọlápọ̀sí fi gèlè di èjìká ọkọ rẹ̀, ó wọ́ ọ gba inú oko àgbàdo lọ sí ìlú Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun tó wà nítòsí. Bó bá ti sinmi, á gbé etí sí imú ọkọ rẹ̀. Ó ṣì ń mí. Obìnrin tó ṣílẹ̀kùn fún wọn ní ilé àkọ́kọ́ béèrè pé ọmọ ìlú wo ni wọ́n. Dọlápọ̀sí tún gèlè èjìká ọkọ rẹ̀ so. Obìnrin náà wo ẹ̀jẹ̀ tó ń kán sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di Kingsley mú lẹ́sẹ̀, wọ́n jọ gbé e wọlé.