Ẹ̀rọ Omi Tí Kì Í Gbẹ

Òórùn náà kì í yára fi ara hàn. Bí ìyàwó ilé náà bá gbé ife sẹ́nu, omi á kọ́kọ́ tutù lórí ahọ́n rẹ̀ bí omi gbogbo. Ìgbà tó bá gbé e mì tán ni nǹkan kan á ṣẹ́kù sí i lọ́fun, tó ń yọ̀, tó kan díẹ̀, bíi pé ó lá àkísà. Á wá máa tutọ́ sínú síǹkì títí itọ́ á fi tán lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá, omi yìí ń rùn," ló wí fún ìyá ọkọ rẹ̀.

"Imú abiyamọ ni," ni Ìyá Àgbà dá a lóhùn. "Nígbà tí mo bí ọkọ rẹ, ọṣẹ ìwẹ̀ ń rùn sí mi bí òkú eku. Ó máa lọ."

Ìtọ́jú ọmọ tuntun ló gbé Ìyá Àgbà wá sílé wọn. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ náà yá. Kò jẹ́ kí ìyàwó fọ ìtẹ́dìí kan ṣoṣo. Òun ló ń kó gbogbo rẹ̀ lọ sí balùwẹ̀ òkè, tó ń rẹ ẹ́ sínú báàfù ńlá kan. Kí omi má baà máa dà gbùú-gbùú kó jí ọmọ tó sùn ní yàrá ẹ̀gbẹ́, ó ki rọ́bà gígùn kan bọ ẹnu ẹ̀rọ balùwẹ̀, ó ti ẹnu rẹ̀ kejì bọ ìsàlẹ̀ báàfù, ó sì fi okùn dè é mọ́ etí báàfù kó má bàa yọ. Omi á máa wọlé jẹ́jẹ́ lábẹ́ ìtẹ́dìí, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ìró rẹ̀. Gbogbo ilé ló yìn ín fún ọgbọ́n yìí. Ìyàwó náà yìn ín.

Ohun tó ká ìyàwó lára ju òórùn lọ ni inú àkọ́bí rẹ̀. Ọmọdébìnrin tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ ni. Pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n ń pè é, torí pé kò sí omi tó rí tí kì í fẹ́ kó sí. Kì í dúró de omi sísè. Á gun àpótí, á sì gbé ẹnu sábẹ́ ẹ̀rọ ilé ìdáná. Á ya ìgbẹ́ gbuuru, á dá, á tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fún un lóògùn, ṣùgbọ́n bí oògùn bá ti tán, ìgbẹ́ gbuuru tún dé. Ojú ọmọ ti jìn wọnú.

"Bó o bá ń fọ ọwọ́ rẹ dáadáa kó o tó dáná, inú ọmọ yìí kò ní dàrú," Ìyá Àgbà wí lọ́jọ́ kan níwájú ọkọ. Ọkọ tẹjú mọ́ oúnjẹ rẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ìyàwó lára. Obìnrin tí wọ́n bá ti ní ọwọ́ rẹ̀ ló ń pa ọmọ rẹ̀ lára, kí ló kù fún un nínú ilé?

Omi kì í dúró ládùúgbò náà. Bó bá ti lọ, gbogbo ẹ̀rọ òpópónà á gbẹ, àfi èyí tó wà ní ilé ìdáná wọn nísàlẹ̀. Ìyẹn á ṣì máa ṣàn fún ìgbà díẹ̀ sí i, tín-ín-rín bí okùn. Kò rí bẹ́ẹ̀ kí ọmọ tuntun tó dé. "Ẹsẹ̀ ọmọ yìí ló tutù," Ìyá Àgbà á wí, á sì máa pe àwọn aládùúgbò wá pọn omi.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà tú, ìyàwó rí Ìyá Àgbà tó ń po búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun sínú báàfù òkè. Ó ní àwọn ìtẹ́dìí ti ń pọ́n, ọṣẹ nìkan kò ràn wọ́n mọ́. Kò tíì lo búlúù rí láti ìgbà tó ti dé.

Lọ́sàn-án, omi lọ. Kò pẹ́ tí télọ̀ ilé kejì fi wọlé, tẹ́ẹ̀pù lọ́rùn, àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ kan, báàkẹ́ẹ̀tì funfun lọ́wọ́ kejì.

"Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ, ẹ ṣàánú mi. Ẹ̀rọ tèmi kàn ń mí fúù bí àgbàlagbà tó gun òkè ni."

"Wọlé, wọlé!" Ìyá Àgbà ló dáhùn kí ìyàwó tó lanu. "Ilé alálùbáríkà lo wá."

Ìyá Àgbà ṣí ẹ̀rọ. Omi ń sọ̀ tín-ín-rín. Ó kọ́kọ́ bu kún kọ́ọ̀pù dúdú tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fi mu omi, ó kọjú sí ìyàwó bí ẹni fẹ́ kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́, ó sì dà á sọ́fun lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ááà! Omi rèé. Ẹni tó bá ní omi yìí ń rùn, kó lọ fọ imú."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín, ó gbé báàkẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ẹ̀rọ. Lójijì ó tẹ̀ ba, ó ń wo inú rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti sọ ibí di ilé aláró ni?"

"Aláró báwo?"

"Ẹ wá wò ó."

Omi inú báàkẹ́ẹ̀tì funfun náà ti di búlúù, fẹ́ẹ́rẹ́ bí aṣọ iléèwé tó ti ṣá. Fọ́nrán òwú kan ń yí lójú rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú náà, nǹkan rúsúrúsú kan léfòó, bí ẹyin tí wọ́n rún wẹ́wẹ́. Ìyàwó mọ̀ ọ́n. Ojoojúmọ́ ló ń nù ún kúrò nídìí ọmọ.

"Búlúù yín ni, Ìyá."

"Búlúù mi wà lókè! Ṣé ó ní ẹsẹ̀ ni?"

Ìyàwó kò dúró fèsì. Ó sáré gun àtẹ̀gùn. Báàfù tó kún dẹ́múdẹ́mú láàárọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Àwọn ìtẹ́dìí lẹ̀ mọ́ra wọn nísàlẹ̀ rẹ̀. Rọ́bà ṣì wà níbi tí wọ́n dè é sí, ẹnu rẹ̀ sì ń fa ìyókù omi náà, fiiri-fiiri, bí ọmọ tó ń fa ìsàlẹ̀ ife.

"Ẹ ti ẹ̀rọ yẹn!" ló ké sísàlẹ̀.

Télọ̀ tì í. Rọ́bà dákẹ́.

"Ẹ ṣí i!"

Rọ́bà tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Ó wá yé e. Bí omi bá ń bọ̀ láti ìta, á ti ara rẹ̀ gba inú rọ́bà wọ báàfù. Bó bá lọ, inú páìpù á ṣófo, ẹ̀rọ balùwẹ̀ tí Ìyá Àgbà kì í tì pátápátá á sì wà ní ṣíṣí. Ẹni tó bá wá ṣí ti ìsàlẹ̀, omi ìtẹ́dìí ló máa gba ọ̀nà kan náà padà, tààrà sínú ife. Gbogbo ife tó ti mu wá síbi ahọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan èyí tó fi ṣan ẹnu láàárọ̀. Ó fi etí aṣọ nu ahọ́n, ó tún un nù, kò lọ.

Ìyá Àgbà dé ẹnu ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó wo rọ́bà. Ó wo ìtẹ́dìí.

"Mo mu ún," ló wí. "Mo mu ún tán." Ló bá dorí kọ inú báàfù, ó bì.

"Mo ti fi èyí tí mo pọn lọ́jọ́sí se oúnjẹ o!" Igbe télọ̀ ti ń bọ̀ láti àgbàlá, ó ń tutọ́. "Mo bù ú fún oníbàárà! Ó tún dúpẹ́!"

Àgbàlá? Ta ló wá wà nídìí ẹ̀rọ? Ìyàwó rántí pé òun ló ní kí wọ́n ṣí i. Ó fò kọjá àtẹ̀gùn mélòó kan lẹ́ẹ̀kan. Pẹ́pẹ́yẹ ti dúró lórí àpótí, ó ti la ẹnu sílẹ̀, omi búlúù ń kán sí i lágbọ̀n. Ìyá rẹ̀ já a gbà, ó ti ẹ̀rọ, ó ń fi ìka họ ahọ́n rẹ̀. Ọmọ bú sẹ́kún. Òun náà bú sẹ́kún.

Ìyá Àgbà sọ̀ kalẹ̀. Ó na ọwọ́ sí télọ̀. "Fún mi ní àlùmọ́gàjí yẹn."

"Ìyá, ti aṣọ ni o! Bó bá ti gé rọ́bà, kò ní gé láàsì mọ́."

"Gbé e wá."

Ó padà gòkè, ó gé rọ́bà náà. Ìyókù rẹ̀ ń fì lẹ́nu ẹ̀rọ bí ìrù ajá, kò lè dé etí báàfù mọ́ láéláé.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mú púlọ́ńbà wá. Púlọ́ńbà de irin kékeré kan mọ́ páìpù, èyí tó ní ìlẹ̀kùn nínú: omi tó ń bọ̀ á ṣí i, omi tó bá fẹ́ padà á tì í. Ó da oògùn apakòkòrò sínú páìpù, ó jẹ́ kí omi fọ̀ ọ́ jáde. "Ẹ má tìtorí irin yìí ki rọ́bà bọ omi o," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wà láàárín wọn. Omi kì í fo afẹ́fẹ́ padà." Ọkọ ń mi orí. Láti àná, kò tíì lè wo ojú ìyàwó rẹ̀.

Púlọ́ńbà lọ tán, Ìyá Àgbà bu omi. Kì í ṣe kọ́ọ̀pù dúdú ló fi bù ú. Ife funfun ló mú. Pẹ́pẹ́yẹ di aṣọ rẹ̀ mú, ó ń na ọwọ́ sí i. Ìyá Àgbà gbé ife kọjá orí ọmọ, ó sì gbé e sábẹ́ imú ìyàwó.

"Ìyàwó mi, bá wa gbóòórùn rẹ̀."

Ìyàwó gbóòórùn rẹ̀. Ó tún un gbọ́.

"Ẹ dà á nù, Ìyá. Ẹ jẹ́ kó ṣì ṣàn."

Ìyá Àgbà dà á nù, ó tún bu òmíràn wá.